Ọ̀mì Tí Wọ́n Fi Lọ Ìyàwó Ràímì

"Ìyàwó, ṣé o gba ọ̀mì?"

Mubashir tẹ aago lẹ́yìn ìbéèrè náà kí àkókò ẹnìkejì rẹ̀ lè máa lọ, ó sì na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọjá lórí ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì bí ẹni tí ó ń fi ẹran iléyá ta ọmọ aládùúgbò lọ́rẹ. Ọwọ́ náà dúró sí òfuurufú. Hàjàrá wò ó láti ọrùn-ọwọ́ títí dé èékánná. Kò dì í mú, kò sì tì í sẹ́yìn. Lókè wọn, fáànù gbọ̀ngàn ìlú Òmù-Àrán ń ké bí ẹyẹ tí ọ̀fun ń dùn. Nísàlẹ̀, àwọn tí ó jókòó yí wọn ká ń retí ọ̀rọ̀ kan péré: bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Nínú ayé ṣẹ́ẹ̀sì, ọ̀mì kì í ṣe ohun ìtìjú. Àwọn ọ̀ta tí ó gbajúmọ̀ jù lọ lágbàáyé ń ta á lójoojúmọ́. Wọn a bọ ara wọn lọ́wọ́, wọn a sì lọ jẹun. Ṣùgbọ́n ìdíje tí àwọn ọmọ ìlú ń ṣe nígbà ayẹyẹ ọdọọdún ní òfin tirẹ̀. Bí àwọn méjì tí ó kù sí ìparí bá ta ọ̀mì, ọwọ́ ẹni tí ó gba ife lọ́dún tí ó kọjá ni ife náà yóò wà, òun náà ni yóò sì lọ ṣojú ìlú nínú ìdíje ìpínlẹ̀ ní Ìlọrin. Mubashir ni ó gba ife lọ́dún tí ó kọjá. Nítorí náà, ọ̀mì tí ó ń fi lọ̀ ọ́ yìí, ọ̀mì ni lẹ́nu. Nínú àpò Mubashir, ìṣẹ́gun ni.

Ìlọrin yẹn gan-an sì ni Hàjàrá ń fẹ́. Ó ń fẹ́ ẹ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń fẹ́ omi tí ó ti mọ adùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní yunifásítì tí ó wà níbẹ̀ ni ó ti mọ ṣẹ́ẹ̀sì í ta, níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pe orúkọ rẹ̀, Hàjàrá Awóyẹmí, pé kí ó bọ́ síwájú. Láti ìgbà tí ó ti wọ ilé ọkọ, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní físíìsì, kò tún sí ẹ̀rọ tí ó pe orúkọ náà mọ́. Lónìí pàápàá, ohun tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára pátákó níwájú gbọ̀ngàn ni: MUBASHIR ÀTI ÌYÀWÓ RÀÍMÌ.

Kò sí ẹni tí ó bínú sí i láti àárọ̀. Nígbà tí ó há ọba òṣìṣẹ́ báǹkì kan tí ó ti Àbújá wá mọ́lé, àtẹ́wọ́ ni wọ́n pa. Nígbà tí ó lé ọ̀dọ́mọkùnrin Ìjàrà-Ìsin dìde lórí àga, "Ìyàwó wa!" ni gbogbo agboolé ń pè é, ẹnìkan tilẹ̀ ṣèlérí itan adìẹ méjèèjì fún un lálẹ́. Ìgbà tí ó wá ku òun àti Mubashir ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ọmọ bàbá kékeré Ràímì ni Mubashir. Èkó ni òun àti àwọn òbí rẹ̀ ń gbé, ayẹyẹ ló ń gbé wọn wálé. Hàjàrá fi ọdún méjìlá jù ú lọ. Ṣùgbọ́n Mubashir ti wà láyé kí wọ́n tó da omi sí ẹsẹ̀ Hàjàrá lẹ́nu ọ̀nà agboolé náà, nítorí náà ọkọ ni ó jẹ́ fún un. Ìyàwó a máa kúnlẹ̀ kí ọkọ. Ìyàwó kì í sì í dárúkọ ọkọ. Eyínmẹ́nugún ni Hàjàrá sọ ọmọ náà láti ìgbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kò tíì ti ẹnu rẹ̀ jáde rí.

Kí ó tó la ẹnu, ládàánì pe ìrun Àílà.

Ọláṣẹ́gun, tíṣà ìṣirò tí ó ń ṣe alámòójútó ìdíje náà, dá aago dúró. "Ìyàwó Ràímì ni ó kàn láti ta," ni ó wí. "Ọ̀mì tí wọ́n fi lọ̀ wọ́n ṣì wà nílẹ̀. Bí a bá ti ibi ìrun dé, wọ́n á fèsì."

Ní ìlà iwájú, Bàbá Àbúdùlàhí, baálé agboolé, gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè díẹ̀. "Ẹnu rẹ̀ ni a ti fẹ́ gbọ́ ọ o."

"Bàbá, òfin ò sọ pé dandan ni kí wọ́n sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ti ta ọmọ ayò kan, ọ̀mì yẹn ti kú nìyẹn."

"Tíṣà, òfin ọpọ́n lẹ mọ̀. Ti agboolé là ń sọ."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ọláṣẹ́gun náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi aṣọ tábìlì bo ọpọ́n náà, bí wọ́n ṣe ń bo àwo ọbẹ̀ kí eṣinṣin má bàa bà á.

Ní ìdí ẹ̀rọ omi lẹ́yìn gbọ̀ngàn, Asisat, ìyá Ràímì, ti pọn omi kún bútà sílẹ̀ de Hàjàrá.

"Ọkọ rẹ ará Èkó ń làágùn," ni ìyá àgbà náà wí.

"Ooru mú, Ìyá."

"Abẹ́ fáànù ló jókòó sí." Asisat rọra ń da omi sí i lọ́wọ́. "Èmi ò mọ ọba, èmi ò mọ ẹṣin. Mo kàn rí i pé ẹ to igi ṣóńṣó-ṣóńṣó jọ, ẹ wá ń wò ó bí ẹni tó gbé ẹ̀wà kaná. Ṣùgbọ́n mo ti ta ewúrẹ́ pẹ́ lọ́jà Òkè-Ọdẹ. Bí ẹni tí à ń nájà pẹ̀lú bá sáré ní kí a pàdé láàárín, ó ti rí nǹkan lára ewúrẹ́ mi tí èmi ò tíì rí."

Hàjàrá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi àlùwàlá wà lẹ́nu rẹ̀. Ó tu ú dànù. "Kí ni kí n wí fún wọn?"

"Ṣé èmi ni mò ń ta á ni? Ìyàwó lèmi náà nínú ilé yìí." Asisat fi àgbọ̀n júwe apá ibi tí baálé ń gbà lọ sí mọ́ṣáláṣí. "Mi ò dárúkọ ẹni tó ń mi ọ̀pá yẹn rí. Mo sì mọ orúkọ náà o. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa." Ó gbé bútà rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìrun, Bàbá Àbúdùlàhí pè é sábẹ́ igi mángòrò. Hàjàrá kúnlẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú ni bàbá náà. Òun ni ó ta kò wọ́n nígbà tí àwọn kan ní kí Hàjàrá fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀. Òun ni ó fún Aliyah, ọmọ Hàjàrá, ní àgùntàn nígbà tí ó ka kéú parí. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni ó fi bá a sọ̀rọ̀, ìyẹn ni kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọrùn láti gbé dànù.

"O mọ̀ ọ́n ta, ìyàwó. Afọ́jú ni kò rí i. Nítorí rẹ̀ ni ọmọ náà fi bu ọlá fún ọ. Gba ọ̀mì rẹ, kí o dúpẹ́, kí a lọ jẹun. Àwọn ará Ìsánlú-Ìsin jókòó síbẹ̀. Àwọn ará Èkó ń fi fóònù ká a. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n rí ọkọ lẹ́sẹ̀ ìyàwó?"

"Bàbá, lórí ọpọ́n ni."

"Inú kí ni wọ́n gbé ọpọ́n sí? Ṣé kì í ṣe inú ìlú? Ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́ ni."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

Bàbá náà gbàdúrà fún un, ó fi ọwọ́ kan orí ìborùn rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn. Hàjàrá ní òun ti gbọ́. Kò ní òun ti gbà. Nínú agboolé náà, ó ti pẹ́ tí kò ti sí ẹni tí ó ń béèrè ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì lọ́wọ́ ìyàwó.

Ràímì dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó mú bàtà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Kí ni Bàbá wí?"

"Wọ́n ní kí n gbà. Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá Aliyah?"

"Mi ò mọ ṣẹ́ẹ̀sì."

"Mi ò bi yín ní ṣẹ́ẹ̀sì."

Ràímì ju bàtà sílẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ojú rẹ̀. "Ilé kan náà la jọ ń padà sí," ni ó wí níkẹyìn. "Bí wọ́n bá bínú, èmi náà ni wọ́n ń bínú sí." Kò sọ pé kí ó gbà, kò sọ pé kí ó má gbà. Ó wá yé Hàjàrá pé kò sí ẹni tí yóò bá òun ru ìdáhùn náà, ohun tí ó sì yà á lẹ́nu ni pé ara rẹ̀ fúyẹ́.

Kì í ṣe ẹni tí ó máa ń fi ìbínú ronú. Físíìsì ti kọ́ ọ pé kí a tó sọ pé nǹkan ń ti nǹkan, kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí agbára ti ń wá. Kí ni ọ̀wọ̀? Bí ó bá kúnlẹ̀ kí Mubashir ní òwúrọ̀, ọ̀wọ̀ ni, kò sì nira fún un. Bí ó bá yọ ẹran tí ó tóbi jù nínú ọbẹ̀ fún un, ọ̀wọ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n kí ó jókòó níwájú rẹ̀, kí ó máa wo ọ̀nà tí ọba rẹ̀ yóò gbà há, kí ó wá dijú kí ó ní òun kò rí nǹkan? Ta ni ìyẹn bọ̀wọ̀ fún? Ọmọ ọwọ́ là ń jẹ́ kí ó dá wa nínú ìjàkadì, kí inú rẹ̀ lè dùn, kí ó lè sùn. Ẹni tí ó bá dìídì pàdánù fún géńdé, ó ti dá a padà sí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, àwọn tí ó ní kí òun fi Mubashir sílẹ̀ ni kò ka Mubashir sí àgbà.

Òun gan-an ni ó kọ́ ọ ní ṣẹ́ẹ̀sì. Ní ọdún tí ó wọ ilé náà ni wọ́n fi ọmọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ kí ó lè parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ara páálí ni Hàjàrá fa ilà ọpọ́n sí. Ó ń kọ́ ọ, ó sì ń pe ọmọ ọdún mọ́kànlá ní ẹ̀yin: "Eyínmẹ́nugún, ẹ máa rántí ṣí fèrèsé fún ọba yín. Ẹ sún ọmọ-ogun kan síwájú kí ó lè mí. Ọba tí kò ní fèrèsé, inú ilé ara rẹ̀ ni wọ́n máa ń ká a mọ́." Ní ọjọ́ kan tí ó mú un lọ sí Ẹ̀síẹ́ láti wo àwọn ère òkúta, ọmọ náà rìn láàárín àwọn ọlọ́kùúta tí ó jókòó lọ bẹẹrẹ, ó ní, "Ìyàwó, ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì lèyí. Ta ni wọ́n ń dúró dè kó wá ta wọ́n?" Ó tọ́ka sí obìnrin òkúta kan tí ó gbé idà lé èjìká. "Ayaba nìyí." Hàjàrá kò gbàgbé obìnrin náà. Ohun tí ó wú u lórí jù ni pé kò fi idà náà pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Ó gbé e sí ibi tí ẹni tí ó bá ń bọ̀ yóò ti rí i.

Ọláṣẹ́gun ṣí aṣọ kúrò lórí ọpọ́n. "Ìyàwó Ràímì, àwọn ènìyàn ń gbọ́ yín."

Hàjàrá fa àga rẹ̀ súnmọ́ tábìlì. Ó ń wo ọpọ́n. Ọba Mubashir jókòó sí igun ní ìlà ẹ̀yìn pátápátá, àwọn ọmọ-ogun mẹ́ta dúró níwájú rẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tíì kúrò ní ibi tí wọ́n tò ó sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ayò. Ilé-ìṣọ́ kan ṣoṣo, ọmọ ayò tí ó máa ń rìn tààrà, ni ó ń ṣọ́ ìlà ẹ̀yìn náà. Òun náà ní ilé-ìṣọ́ kan lójú ọ̀nà gbọọrọ tí ó ṣófo, tí ó sì dé ìlà náà tààrà. Ayaba rẹ̀ wà láàárín ọpọ́n, nítòsí ilé Mubashir, ó ń halẹ̀, ó sì tún ń dáàbò bo ọmọ-ogun rẹ̀ kan tí ó dá dúró ní apá òsì. Láti ìgbà tí ayaba náà ti dé ibẹ̀ ni Mubashir ti ń làágùn. Òótọ́ ni Asisat sọ nípa ewúrẹ́.

Ó na ọwọ́. Ó gbé ayaba náà, ó fà á padà sẹ́yìn kọjá ìdajì ọpọ́n, ó sì gbé e kalẹ̀ sẹ́yìn ilé-ìṣọ́ tirẹ̀, lójú ọ̀nà kan náà. Ó tẹ aago.

Èémí tú jáde láàárín gbọ̀ngàn. Àwọn tí kò mọ ẹṣin yàtọ̀ sí ọmọ-ogun pàápàá rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀: obìnrin náà kò lè la ẹnu gbà lójú ayé, ojú ń tì í, ó wá fi ìṣe gbà. Ó ti kó ayaba rẹ̀ lọ sẹ́yìn. Ó ti fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ọkọ. "Ọmọlúàbí ni," ni Bàbá Àbúdùlàhí wí, ó sì fi ọ̀pá kan ilẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹnìkan ní kí wọ́n lọ wo oúnjẹ. Gbogbo wọn ni ó mọ òwe pé àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá. Ṣùgbọ́n àgbò ni òwe náà dárúkọ. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọkàn ẹnikẹ́ni kò fi lọ síbẹ̀.

Ọkàn Mubashir náà kò lọ síbẹ̀. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Hàjàrá, irú ẹ̀rín tí ó máa ń rín nígbà tí ó bá bá oúnjẹ rẹ̀ lábẹ́ àwo. Ọmọ-ogun apá òsì ti wà láìní olùgbèjà. Ìyàwó ti kúrò ní ìdí rẹ̀. Ó ti fi í fún un, bí ó ti ń fi gbogbo nǹkan fún un láti ọjọ́ yìí wá. Hàjàrá ń wò ó. Kò purọ́ fún un. Ohun gbogbo wà lójú ọpọ́n, ní gbangba, bí idà lórí èjìká. Bí Mubashir bá wò ó pẹ̀lú ojú tí òun fún un nígbà náà lọ́hùn-ún, yóò rí i, wọn yóò sì máa ta á lọ. Bí ó bá sì fi ojú agboolé wò ó, ẹ̀bi ta ni?

Mubashir gbé ilé-ìṣọ́ rẹ̀ kúrò ní ìlà ẹ̀yìn. Ó fi jẹ ọmọ-ogun náà. Ó na ọwọ́ sí aago.

Ọwọ́ náà kò dé ibẹ̀. Ó dúró sí òfuurufú, gẹ́gẹ́ bí ó ti dúró kí wọ́n tó lọ kírun, ṣùgbọ́n ọwọ́ mìíràn ni nísinsìnyí. Hàjàrá rí i bí ojú Mubashir ṣe tẹ̀lé ọ̀nà gbọọrọ náà: ilé-ìṣọ́, ìlà ẹ̀yìn tí ó ti di ahoro, ọba, àwọn ọmọ-ogun mẹ́ta tí kò fi fèrèsé sílẹ̀. Ó rí i bí ó ṣe wá ayaba tirẹ̀ kàn ní igun òdìkejì, bóyá yóò lè wá dí ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ padà sẹ́yìn ilé-ìṣọ́ Hàjàrá, ó sì bá ayaba tí ó jókòó síbẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ti rántí páálí.

Yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì, Ọláṣẹ́gun nìkan ni ó mọ̀ pé ọba Mubashir kò ní ibi tí yóò sá gbà mọ́. Tíṣà náà wo àjà. Lẹ́yìn wọn, àwo ti ń ró. Ẹnìkan ń béèrè ẹni tí yóò gbé ife lé Mubashir lọ́wọ́.

Mubashir tẹ̀ síwájú. Aago tirẹ̀ ṣì ń lọ. "Ìyàwó," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tí ó ń tọrọ iyọ̀ lójú fèrèsé. "Ṣé ẹ gba ọ̀mì?"

Hàjàrá wò ó. Ìgbéraga àárọ̀ ti kúrò lójú rẹ̀, ìtìjú kò sì tíì rọ́pò rẹ̀. Ohun tí ó kù níbẹ̀ ni ìwòye: ó ń rí ọpọ́n, ó ń rí ọwọ́ tí ó ta á, ó ń rí obìnrin tí ó ni ọwọ́ náà. Kò tíì wo òun bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí ó ti di ọkùnrin. Àánú rẹ̀ ṣe é. Ó sì mọ̀ pé bí òun bá fi àánú yìí fún un, òun yóò tún gba ojú náà padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú ọkàn rẹ̀, ó wá orúkọ tí ó máa ń pè é. Kò rí Eyínmẹ́nugún níbẹ̀. Orúkọ kejì ni ó bá, èyí tí ó ti wà lẹ́yìn ehín rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ti ń rò pé yóò wúwo, ṣùgbọ́n kò wúwo. Ó jókòó ṣánṣán. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, kò pariwo, ṣùgbọ́n ohùn olùkọ́ ni, ó sì dé ọ̀dọ̀ Ràímì ní ìlà tó kẹ́yìn, ó dé ọ̀dọ̀ Asisat lẹ́nu ọ̀nà, ó dé ìdí ọ̀pá Bàbá Àbúdùlàhí.

"Rárá, Mubashir. Mi ò gbà á. Tẹ aago rẹ."